Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Òǹwòran Nìkan
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ní Likosi, ilẹ̀ Rẹ́mọ)

 

Iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí: géèmù, ohùn tí a ń gbà sínú ẹ̀rọ, àti awò tí ènìyàn ń gbé bojú tí yóò sì dà bí ẹni pé ó ti wà ní ibòmíràn, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní virtual reality. Àwọn òbí kan ń sọ pé ìranù ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ ń dáhùn pé ọ̀làjú ni. Èmi kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ìbéèrè tèmi ni pé, ta ni ó ń ṣe é, ta sì ni ó kàn ń wò ó?

Ẹ jẹ́ kí á wo orísun wọn. Ní ọdún 1962, Steve Russell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà parí Spacewar!, ọ̀kan nínú àwọn géèmù kọ̀ǹpútà tí ó kọ́kọ́ jáde. Ní 1968, Ivan Sutherland àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Bob Sproull, gbé ẹ̀rọ àgbébojú kan jáde tí wọ́n so kọ́ àjà ilé. Ní Jámánì, Karlheinz Brandenburg ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé, tí ó gbà ní 1989, nígbà tí ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó di MP3. Ó lo òye pé etí kì í gbọ́ ohùn kékeré tí ohùn ńlá bò mọ́lẹ̀; ẹ̀rọ yóò yọ èyí tí etí kò gbọ́ kúrò, ẹrù yóò sì fúyẹ́.

Ẹ má sì rò pé ti òyìnbó nìkan ni. Ibn al-Haytham, onímọ̀ Mùsùlùmí tí a bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, ṣàlàyé bí ojú méjì ṣe ń rí ohun kan ṣoṣo. Lórí òye yìí ni awò náà dúró: ó ń fi àwòrán méjì tí ó yàtọ̀ díẹ̀ síra han ojú kọ̀ọ̀kan, ọpọlọ yóò sì pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan.

Nílé wa ńkọ́? Ní Èkó, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, Judith Okonkwo dá Imisi 3D sílẹ̀ ní 2016 kí àwọn ọ̀dọ́ lè kọ́ iṣẹ́ yìí. Ní 2019, fíìmù Joel Kachi Benson, Daughters of Chibok, gba ẹ̀bùn ní Venice, ní Ítálì. Ẹni tí ó bá gbé awò bojú wò ó yóò dà bí ẹni tí ó jókòó ti ìyá tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé ní Chibok ní 2014. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rọ kan náà tí a fi ń pa àkókò lè gbé ẹkún ìyá kan dé etí ayé.

Kí ni ẹ̀yin náà lè ṣe? Gbogbo wa mọ òwò obì gbàǹja tí a fi mọ Ṣàgámù. Ẹ fi ṣe iṣẹ́ mẹ́ta.

Èkínní, ohùn. Ẹ gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ àwọn bàbá àti ìyá tí wọ́n ti ṣe òwò náà. Ẹ wá yàrá tí kò sí ariwo. Ẹ bi wọ́n bí a ṣe ń bó obì, bí a ṣe ń fi ewé tẹ́ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀ka èdè Rẹ́mọ dáhùn. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì.

Èkejì, géèmù. Scratch, tí MIT gbé jáde ní 2007, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣe géèmù tí ènìyàn yóò ti ra obì, tí yóò tọ́jú rẹ̀, tí yóò fi í ránṣẹ́ sí Kano. Bí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò lásìkò, kòkòrò yóò jẹ èrè rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, awò. Ní 2014, Google fi àpẹẹrẹ awò tí a lè fi páálí ṣe síta. Ẹ ya àwòrán ọjà yíká, kí ọmọ wa tí ó wà ní ìlú òyìnbó lè rìn nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ohùn àgbà àmánà ni. Ẹ gba ìyọ̀ǹda kí ẹ tó gbé e síta. Bí òòyì bá ń kọ́ yín nínú awò, ẹ bọ́ ọ. Bí wọ́n bá sì pe ìrun, ẹ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mi, géèmù lè dúró de ọ̀la. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ òwò yìí kò pọ̀ mọ́, wọn kò sì lè dúró dè wá títí. Ohùn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó wúlò ta wá lọ́rẹ.