“Ẹ Padà Wá Lọ́la”: Ọ̀rọ̀ Tí Akọ̀wé Bá Ẹgbẹ́ Sọ ní Ẹsẹ̀ Òkè Pátì

Gbogbo wa mọ bí oòrùn Lọ́kọ́jà ti ń mú lábẹ́ òkè yìí. Ìgbìmọ̀ ní kí àwa akọ̀wé yín sọ̀rọ̀ lórí ìyà tí àwọn tí ó yẹ kí wọ́n dá wa lóhùn fi ń jẹ wá ní báńkì, ní ọ́fíìsì àti ní gáréèjì. A kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni a kà kí a tó bọ́ sí ọjà. Ohun tí ojú wa rí ni a ó sọ.

Ẹ kò ní gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Omi ọdún 2022 ti ba ọjà ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́, ó sì ti dí ọ̀nà Àbújá mọ́ àwọn ọlọ́kọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn ni ọ̀rọ̀ owó tuntun dé. Báńkì Àpapọ̀ ti kéde ní ọjọ́ 26 oṣù October ọdún 2022 pé òun yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Wọ́n kọ́kọ́ fi òpin sí owó àtijọ́ ní ọjọ́ 31 oṣù January ọdún 2023, wọ́n sì tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù February. A kó owó àtijọ́ lọ sí báńkì bí wọ́n ti wí, ṣùgbọ́n a kò rí tuntun gbà. Ẹni tí ó fẹ́ gba ₦10,000 lọ́wọ́ oní-POS lè fi ₦2,000 sílẹ̀ kí ó tó rí i gbà.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Kogí wa yìí, pẹ̀lú ti Kàdúná àti Zamfara, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù February, ilé-ẹjọ́ ní kí ìjọba àpapọ̀ dá ọwọ́ dúró. Ní ọjọ́ 3 oṣù March, ó dájọ́ pé owó àtijọ́ ṣì jẹ́ owó títí di ìparí oṣù December ọdún náà. Síbẹ̀, ọjọ́ 13 oṣù March ni Báńkì Àpapọ̀ tó kéde pé kí àwọn báńkì tẹ̀lé ìdájọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko! Ẹni tí ó ní aláìsàn nílé, ẹni tí ó fẹ́ sìnkú, kí ni kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́wàá náà ṣe?

Ní àkókò yẹn ni a lọ sí ẹ̀rọ báńkì kan tí a kò ní dárúkọ. A tẹ ₦20,000. Ẹ̀rọ kùn, ó kùn, kò pọ nǹkan kan jáde, ṣùgbọ́n a rí i lórí fóònù pé wọ́n ti yọ owó wa. Ní ọjọ́ kejì a wọlé lọ bá wọn. Wọ́n ní kí a lọ sí fèrèsé kejì. Fèrèsé kejì ní kí a lọ bá ọmọbìnrin tí ó jókòó sí igun. Ọmọbìnrin náà kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Ẹ padà wá lọ́la, ọ̀gá kò sí ní ìjókòó.” Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a gbọ́ gbólóhùn yìí.

Ìyá àgbàlagbà kan wà tí a jọ máa ń tò sí ìlà láti àfẹ̀mọ́jú. Ọmọ Òwòrò ni, èdè rẹ̀ sì súnmọ́ tiwa débi pé a ń gbọ́ ara wa. Ó máa ń ta ọsàn àti ẹ̀pà fún àwọn tí ń gun Òkè Pátì lọ wo ilé Lugard àti ibi tí odò Ọya ti pàdé Bẹ́núè. Nígbà tí ẹsẹ̀ ń ro wá, òun ni ó fi àpótí ìjókòó rẹ̀ fún wa, tí ó sì bu ẹ̀pà sí wa lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin tí wọ́n dá wa padà, a dé ìsọ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan gbé àtùpà oníbátìrì kan lé orí pẹpẹ wa. Ọmọ tí ń bá wa tajà ni ó tà á ní ₦4,500. Ó tàn ní òru kan ṣoṣo, ó kú. Onítọ̀hún kò tilẹ̀ pariwo. Àwa náà kò gbé ojú kúrò nínú ìwé ìṣirò wa. A ní, “Ẹ padà wá lọ́la, ọ̀gá kò sí ní ìjókòó.”

Àwa ni ọ̀gá.

Nígbà tí a gbójú sókè, ìyá ẹlẹ́pà ni. Ó wò wá títí, ó ní, “Ẹ̀yin náà?” Ó gbé àtùpà rẹ̀, ó lọ. Ìtìjú kò jẹ́ kí a tètè dìde. Nígbà tí a ó fi jáde, èrò ọjà ti gbé e mì.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a ti rò ó títí. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé oníbàárà òun kò ní ibòmíràn tí yóò lọ, agbára káká ni yóò fi dá a lóhùn ire. Etí odò yìí ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 1886, ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company gba ìwé àṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí odò Ọya. Ìwé náà kò ní kí ó máa nìkan tajà, ṣùgbọ́n owó ibodè àti owó láísẹ́ńsì tí ó ń gbà lé àwọn oníṣòwò yòókù kúrò lójú omi. Nígbà tí ọ̀ràn náà sú àwọn ará Brass, wọ́n gbógun ti ilé-iṣẹ́ náà ní Akassa ní oṣù January ọdún 1895. Ní ọjọ́ 1 oṣù January ọdún 1900, ní Lọ́kọ́jà níbí, wọ́n sọ àsíá ilé-iṣẹ́ náà kalẹ̀. Bí ẹni ńlá bẹ́ẹ̀ bá lè lọ, kí ni ti ìsọ̀ wa, tí ìsọ̀ mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ wa tún lé díẹ̀ ju ti oníṣòwò lásán lọ. Àlejò ni wá nílẹ̀ yìí. Bí ọ̀kan nínú wa bá ṣe oníbàárà ní ìṣekúṣe, wọn kò ní dárúkọ ìsọ̀ rẹ̀. Wọn yóò ní, “Àwọn Yorùbá yẹn.” Orúkọ gbogbo wa ni onítọ̀hún tà ní ₦4,500.

Nítorí náà, a mú ìmọ̀ràn mẹ́ta wá.

Èkíní, ẹ máa kọ ẹ̀sùn sílẹ̀. Nígbà tí a dẹ́kun ẹ̀bẹ̀ ni owó wa tó padà. Olùkọ́ kan nínú ẹgbẹ́ wa bá wa kọ lẹ́tà: ọjọ́, wákàtí, iye owó. Ẹ̀dà méjì ni; a jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ tiwa. Láti oṣù June ọdún 2020, òfin Báńkì Àpapọ̀ ni pé bí ẹ̀rọ báńkì ẹni bá yọ owó tí kò pọ ọ́, tí owó náà kò sì padà lójú ẹsẹ̀, báńkì gbọ́dọ̀ dá a padà láàárín wákàtí 24. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ báńkì mìíràn, wákàtí 48. A kọ ìyẹn náà sínú lẹ́tà. Ní ọjọ́ kẹta, owó wọlé. Bí wọ́n bá sì dákẹ́, ẹ̀ka kan wà ní Báńkì Àpapọ̀ tí ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà.

Èkejì, ẹ má ṣe bú ọmọ tí ó jókòó sí fèrèsé, ẹ má sì gbé òkúta. Ní oṣù February yẹn, wọ́n dáná sun báńkì ní àwọn ìlú kan. Eérú kì í san gbèsè. Ọmọ yẹn kọ́ ni ó kó owó pamọ́, a sì ti ń bú u láti àárọ̀ kí ó tó kan tiwa.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí á tún ìsọ̀ wa ṣe. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti mọ iye owó ọjà kí ó tó rà á, àti láti gba ọjà tí ó dára, tí yóò ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ rà á. “A kì í gba ọjà padà” tí a kọ sára ògiri kò lè pa ẹ̀tọ́ yìí rẹ́. Ẹ dán àtùpà wò lójú ẹni tí ń rà á. Ẹ kọ rìsíìtì fún un. Bí ó bá mú un padà, ẹ gbé ojú sókè kí ẹ tó ya ẹnu.

A ti ra ìwé ńlá kan tí yóò wà ní ìsọ̀ wa. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ níbikíbi, kí ó wá, a ó bá a kọ ọ́. Ẹni tí ọmọ ẹgbẹ́ wa bá rẹ́ jẹ, ojú ewé tirẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwa ni a kọ́kọ́ kọ orúkọ ara wa sí i.

Àtùpà tuntun kan wà nínú àpótí wa pẹ̀lú ₦4,500 nínú páálí rẹ̀. A ti dé ẹsẹ̀ òkè lẹ́ẹ̀mẹta, a kò bá ìyá náà. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá rí i, kí ó jọ̀wọ́ bá wa sọ fún un pé ọ̀gá ti wà ní ìjókòó.