Ife Ugu Tí A Gbà Lọ́wọ́ Mọ́mì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú dánfó, ẹ gbé fóònù súnmọ́ etí, torí ọ̀rọ̀ òní kan ẹ̀mí àwọn òbí wa.

Ní Ìlàjẹ níbí, ní Bàrígà, màmá ọ̀rẹ́ mi kan ní àìsàn kíndìnrín. Wọ́n máa ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún wọn. Nígbà tí àdúgbò gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, aládùúgbò kan gbé ife ńlá wá: "Ẹ gbà, Mọ́mì. Ugu tútù ni mo fún, mo po mọ́ọ̀tì àti mílíìkì mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ yín á kún." Ìfẹ́ ló fi ṣe é o. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi yára gba ife náà.

Kí ló dé? Pòtásíọ̀mù pọ̀ nínú ewé ugu. Kíndìnrín tó dá ṣáṣá máa ń yọ èyí tó bá pọ̀ jù sínú ìtọ̀. Èyí tó ń ṣàìsàn ò lè yọ ọ́ tó. Nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà, ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 3.5 sí 5.0 mmol ní lítà kan. Bó bá kọjá 6.5, ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, nígbà mìíràn láìsí àmì kankan. Ẹ sì rò ó: ewé téèyàn ò ní jẹ tán nínú abọ́, ó lè mu ún tán nínú ife kan.

Ẹ̀jẹ̀ tó kéré ńkọ́? Kíndìnrín ló ń ṣe èròjà tí wọ́n ń pè ní erythropoietin, tó ń mú kí mùdùnmúdùn eegun ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí kíndìnrín bá ṣàìsàn, èròjà yìí á dínkù. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fún àwọn aláìsàn ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Omi ugu ò lè rọ́pò abẹ́rẹ́ yẹn.

Ṣé kí wọ́n wá sá fún ẹ̀fọ́ ni? Rárá o. Ẹ̀fọ́ ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọrùn, ìyẹn náà sì ń ran ara lọ́wọ́ láti lé pòtásíọ̀mù jáde. Bí a ṣe ń sè é ló ṣe pàtàkì. Ẹ gé tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ tàbí ugu wẹ́wẹ́. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi tó pọ̀. Ẹ da omi yẹn nù, ẹ má fi se ọbẹ̀. Ẹ fún ẹ̀fọ́ náà dáadáa kẹ́ ẹ tó dà á sínú ata. Pòtásíọ̀mù á dínkù, àmọ́ kò ní tán, torí náà ìwọ̀nba ni kí wọ́n bù.

Ewédú yàtọ̀, torí tòun tomi rẹ̀ la ń jẹ ẹ́. Tòmátò alágolo náà ń kó pòtásíọ̀mù púpọ̀ wọlé. Ẹ tún ṣọ́ra fún iyọ̀ tí wọ́n kọ "low sodium" sí lára: pòtásíọ̀mù ni wọ́n sábà fi ń rọ́pò sódíọ̀mù inú rẹ̀.

Ara ò dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá tún sin òbí yín lọ sí kíníìkì, ẹ bi dókítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mélòó ni pòtásíọ̀mù wọn?" Ẹ wá bi onímọ̀ oúnjẹ ibẹ̀ pé irú ẹ̀fọ́ wo àti ṣíbí mélòó ló bá nọ́ńbà yẹn mu.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí yín, kí aládùúgbò tó gbé ife dé. Ó dìgbà kan ná.