Ọmọ tó gba oyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí à ń sìn sọ́nà lónìí, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbọ́ ìtàn kan.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990, ní Gúúsù Kòríà, ọkùnrin kan àti ọmọ ọdún 14 kan jókòó kojú ara wọn nídìí ọpọ́n. Abẹ́ òrùlé kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Oúnjẹ tí ìyàwó ọkùnrin náà ń sè ni ọmọ náà ń jẹ láti bí ọdún mélòó kan. Oyè Choegowi ni wọ́n ń dù, ọmọ náà sì fi ayò mẹ́ta sí méjì gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ilé ọ̀gá yẹn náà ló ṣì padà sí.

Cho Hunhyun ni ọ̀gá. Lee Changho ni ọmọ. Ayò tí ayé ń pè ní Go ni wọ́n ta. Baduk ni àwọn ará Kòríà ń pè é.

Ẹni tó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n tiwa lè rò pé òun ti mọ èyí náà. Rárá o. Ọmọ ayò tiwa kì í gbébì kan. Ọwọ́ ń kó o, ọwọ́ ń pín in, láti ihò dé ihò. Nínú Go, ìlà 19 ló dábùú ìlà 19 lórí ọpọ́n, oríta 361 ni wọ́n sì bí. Ẹnì kan ń gbé òkúta dúdú lé oríta, ẹnì kejì ń gbé funfun. Òkúta tó bá ti balẹ̀ kò tún ṣípò mọ́, àfi bí ọ̀tá bá yí i ká pátápátá tó sì kó o lẹ́rú. Ilẹ̀ ni wọ́n ń jà sí: ẹni tí ọgbà tó fi òkúta ṣe bá gba ilẹ̀ jù ló pa ẹnì kejì. Nítorí pé dúdú ló ń kọ́kọ́ ṣe, wọ́n ń fún funfun ní ẹ̀bùn àmì díẹ̀, wọ́n sì ń fi ìdajì àmì kún un kí ọ̀mì má baà wáyé. Ẹ fi ìdajì yẹn sọ́kàn.

Ìlú Mokpo ni wọ́n bí Cho sí lọ́dún 1953. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ayò yìí jẹun, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Jàpáànì lọ́dún 1963, sọ́dọ̀ Segoe Kensaku, bàbá tó ti lé ní ẹni 70 ọdún. Bàbá yìí kì í ṣe ẹni tó ń kó ọmọ jọ. Àwọn tó tọ́ ṣáájú Cho, Hashimoto Utaro àti Go Seigen, ọ̀ta paraku ni wọ́n dà. Iṣẹ́ ológun tó pọn dandan fún ọkùnrin Kòríà ló pe Cho padà sílé lọ́dún 1972. Nígbà tó fi máa di ọdún 1980, kò sí oyè Go kan nílé tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀yìn ni ayé ń ka Kòríà sí. Nígbà tí Ing Chang-ki, olówó ará Taiwan, dá ìdíje àgbáyé kan sílẹ̀ lọ́dún 1988, tó pe ọ̀ta 16, Cho nìkan ni wọ́n pè láti Kòríà. Òun àti Nie Weiping ará Ṣáínà ló kù sí ìparí. Ṣáínà, ilé Nie, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Cho sì ti wà lẹ́yìn pẹ̀lú ayò kan sí méjì kí wọ́n tó kọjá sí Singapore. Ibẹ̀ ló ti pa méjì tó kù, tó gba dọ́là 400,000. Nígbà tó délé lọ́dún 1989, wọ́n fi ọkọ̀ yí Seoul ká pẹ̀lú rẹ̀ bí ọba tó togun bọ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó máa gba gbogbo rẹ̀ ti wà nílé láti 1984. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń dúró kí apá máa rọ kí wọ́n tó gba ọmọ sọ́dọ̀. Ẹni ọdún 31 ni Cho, nígbà tí iná rẹ̀ ń jó jù, nígbà tó gba Lee, ọmọ Jeonju tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ ní ayò. Ọmọ náà kò sì jọ ẹni àrà. Àwọn ọ̀ta Go máa ń tún ayò tí wọ́n ta tò láti orí, òkúta kan lẹ́yìn èkejì. Lee kì í lè tò ó tán. Cho pàápàá ń wò ó pé, ṣé òun kò ti ṣìmú?

Ọ̀gá yára bí àṣá. Ọmọ lọ́ra, ojú rẹ̀ kì í yí padà, débi pé wọ́n ń pè é ní Ère Búdà Olókùúta. Níbi tí Cho ti máa rí ọ̀nà àtipa ọ̀tá lójú ẹsẹ̀, Lee á fà sẹ́yìn, á máa ka ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì fi ìdajì àmì jáwé olúborí. Ìdajì yẹn náà ni. Èrò tirẹ̀ ni pé ìdajì tó dájú sàn ju ìpakúpa tó lè dà rú lọ.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ì bá ti gbá a lọ́wọ́: bí mo ṣe ń ṣe é ni kí o ṣe é! Cho kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ kí ọmọ náà máa ta ayò tirẹ̀, ohun tó sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò dẹrùn fún un. Ọmọ ọdún 16 ni Lee nígbà tó gba ife àgbáyé rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 1992. Nígbà tó di 1995, kò ṣẹ́ku oyè kan lọ́wọ́ ọ̀gá.

Nínú ìdíje Nongshim tó parí lọ́dún 2005, tí Kòríà, Ṣáínà àti Jàpáànì ń kó ọ̀ta márùn-ún márùn-ún wá, gbogbo ẹlẹgbẹ́ Lee ti ṣubú. Òun nìkan ló kù, àwọn ará Ṣáínà mẹ́ta àti ará Jàpáànì méjì ló sì kù níwájú rẹ̀. Ó pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì parí rẹ̀ ní Shanghai.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń rẹ́rìn-ín níwájú níbẹ̀ yẹn, tiyín rèé. Ní January 2003, Cho tí ọmọ rẹ̀ ti tú síhòòhò gba ife àgbáyé Samsung lẹ́ẹ̀kejì léraléra. Wang Lei ló pa, ọmọ tó kéré sí i dáadáa. Ẹni ọdún 49 ni Cho lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ọmọ wa, mọ́tò ti dé ẹnu géètì. Ẹ rántí kó àpótí yín kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn tó máa sùn síbẹ̀ ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.