Ẹ̀rọ Onígbésẹ̀ Mẹ́rin Tó Ti Sùn: Ta Ni Yóò Jí I?

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé nìkan. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ilé-Ifẹ̀, bí ènìyàn bá wo ẹ̀yìnkùlé tàbí abẹ́ àtẹ̀gùn, yóò rí jẹnẹrétọ̀ kan tó ti dákẹ́, tí eruku ti bò, tí aláǹgbá sì ti sọ di ilé. Nígbà tí wọ́n ń lò ó lójoojúmọ́, ara rẹ̀ le. Ìgbà tí wọ́n pa á tì ni ohùn rẹ̀ wọlẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bi ara wọn ni pé, ǹjẹ́ ẹ̀rọ náà kú ni, àbí ó sùn? Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni ó sùn, ta ni yóò jí i, níbo ni onítọ̀hún yóò sì ti kọ́ bí a ṣe ń jí i?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ irú ẹni tí a fẹ́ jí. Nicolaus Otto, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó ṣe ẹ̀rọ onígbésẹ̀ mẹ́rin tó kọ́kọ́ yọrí sí rere, ní ọdún 1876. Òun ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fóò-sítíróòkù. Bí pístìnì bá sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, ó fa afẹ́fẹ́ àti epo mu. Bí ó bá gòkè, ó fún wọn pọ̀. Iná á ṣẹ́, àdàlù náà á jó, á sì ti pístìnì wálẹ̀. Ibí yìí nìkan ni agbára ti ń wá. Bí pístìnì bá tún gòkè, ó tú èéfín síta. Ìfàmu, ìfúnpọ̀, ìjóná, ìtúsíta: ìgbésẹ̀ mẹ́rin náà nìyẹn, kíráńkì á sì ti yí lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó pé. Fáàfù méjì ni olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà: ọ̀kan ń ṣí fún ohun tó ń wọlé, èkejì ń ṣí fún ohun tó ń jáde. Ẹni tí ó bá mọ ìgbésẹ̀ mẹ́rin yìí dájú kò ní sọnù nínú ẹ̀rọ kankan tó jẹ́ irú rẹ̀, ìbáà ṣe ti ọ̀kadà, ìbáà ṣe ti jẹnẹrétọ̀.

Ní ọdún 1976, nígbà tí iṣẹ́ Otto pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ilé-iṣẹ́ O.S. ní ìlú Osaka, ní ilẹ̀ Japan, gbé ẹ̀rọ onígbésẹ̀ mẹ́rin kan jáde tí a ń pè ní FS-60. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré, irú èyí tí a ń fi rédíò darí láti orí ilẹ̀, ni wọ́n ṣe é fún. Ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé e. Gbogbo àyè tí pístìnì rẹ̀ ń rìn kò ju nǹkan bí 10 cc lọ. Síbẹ̀, ó ní fáàfù, ó ní káàmù, ó sì ní kíráńkì bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kì í ṣẹ́ná. Wáyà tínrín kan tó ní pilatínọ̀ọ̀mù nínú ni ó wà níbẹ̀. Bátìrì kékeré ni a fi ń mú wáyà náà pọ́n nígbà tí a bá fẹ́ ta ẹ̀rọ jí; lẹ́yìn náà, a yọ bátìrì kúrò, epo methanol tó ń jó ni yóò sì máa mú un pọ́n lọ. Inú epo yìí kan náà ni a ń da òróró tó ń mú ara irin yọ̀ sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òróró èso lárà ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù fún un, nítorí pé kì í tètè sá fún ooru.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń gba ẹ̀rọ là nígbà iṣẹ́ ni ó ń dè é nígbà ìsinmi. Bí a bá gbé ẹ̀rọ kékeré yìí sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀, òróró lárà á dì mọ́ ara irin bí oje igi, pístìnì á sì gan. Methanol pẹ̀lú máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìpẹtà á sì wọ bẹ́ríǹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé. Epo bẹntiróòlù tí a fi sílẹ̀ nínú kabúrétọ̀ fún oṣù púpọ̀ á gbẹ, á sì di ohun lílẹ̀ tó dí ihò jẹ́ẹ̀tì tóótóó. Nítorí náà, kì í ṣe iṣẹ́ ni ó pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, bí kò ṣe àìṣiṣẹ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú níí le koko. Òfin àkọ́kọ́ nínú jíjí ẹ̀rọ nìyí. Ẹni tó bá fi ipá yí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ kékeré tó ti gan lè tẹ apá tó so pístìnì mọ́ kíráńkì. Ooru díẹ̀díẹ̀ ni a fi ń yọ́ òróró tó ti dì. Irú ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun tó láti ṣe é. Ní ti jẹnẹrétọ̀, a yọ púlọ́ọ̀gì, a kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò rẹ̀, a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà ni a rọra fa okùn rẹ̀. Bí ó bá ti ń yí, ìbéèrè mẹ́ta ni ó kù. Ǹjẹ́ ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀? Ǹjẹ́ iná ń ṣẹ́? Ǹjẹ́ epo mímọ́ ń dé ibi tó yẹ kí ó dé? Ẹni tó bá tẹ̀lé ìbéèrè mẹ́ta yìí ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé kò ní máa ra ohun tí ẹ̀rọ kò béèrè.

Bí kò bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dáadáa, kí a wo fáàfù. Àlàfo díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín orí fáàfù àti irin tó ń tì í. Nínú ẹ̀rọ kékeré ti O.S., àlàfo náà wà láàárín 0.04 sí 0.10 mílímítà. Nínú ẹ̀rọ Honda GX160, tí ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ fi ṣe àwòkọ́ṣe, ó jẹ́ 0.15 fún ẹnu ọ̀nà ìwọlé, àti 0.20 fún ẹnu ọ̀nà èéfín. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá tutù, tí pístìnì wà lókè pátápátá ní ìgbésẹ̀ ìfúnpọ̀, ni a ń wọ̀n ọ́n. Bí àlàfo kò bá sí, fáàfù kò ní padé tán: agbára á sá lọ, ẹnu fáàfù á sì jóná. Bí àlàfo bá pọ̀ jù, fáàfù kò ní ṣí tó, á sì máa pariwo. Ohun tí ojú kò lè rí ni ó ya ẹ̀rọ tó jí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń kú lọ.

Ìkìlọ̀ kan wà tí kò ṣeé fò. Gbangba ìta ni kí a ti dán ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí wò, kì í ṣe nínú yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ̀rọ kò tó ẹ̀mí.

Àwọn kan yóò wí pé kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún nígbà tí tuntun wà lọ́jà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ̀rọ tí kíráńkì rẹ̀ ti ṣẹ́, tàbí tí ara sílíńdà rẹ̀ ti ha yánnayànna, lè jẹ owó ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó mọ èyí tó yẹ kí a sọ nù, ó gbọ́dọ̀ ní ìmọ̀ tí a fi ń jí èyí tó yẹ kí a jí. Ìmọ̀ yẹn gan-an ni ó wà nínú ewu.

Ilé-Ifẹ̀ mọ ohun tí ewu yìí jẹ́ ju ìlú mìíràn lọ. Títí di òní ni irin ńlá tí a ń pè ní Ògún Ládìn wà ní ààfin Ọ̀ọ̀ni. Ìtàn sì sọ pé alágbẹ̀dẹ Odùduwà ni Ládìn. Ní ọdún 1938, àwọn tó ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmoníjẹ̀ hú àwọn orí tí a fi irin bàbà rọ, tí ẹwà wọn ya gbogbo ayé lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti ṣáájú dé Ifẹ̀ ní 1910, tí ó rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó ń rọ ọ́ mọ́. Ó sì gbé e fún àwọn ará Atlantis, ilẹ̀ inú ìtàn àwọn Gíríìkì. Bí iṣẹ́ ọwọ́ bá kú láàárín ìran kan, àlejò lè sọ fún ọmọ onílé pé baba rẹ̀ kọ́ ni ó ṣe é.

Lónìí, mẹkáníìkì tó wà ní etí ọ̀nà mọ ìró fáàfù tó tú, ṣùgbọ́n kò kọ ìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ya àwòrán ìgbésẹ̀ mẹ́rin fún ìdánwò, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kan pístìnì rí. Ọmọ iṣẹ́ tó yẹ kí ó jókòó sáàárín àwọn méjèèjì kò wọ́pọ̀ mọ́. Ọwọ́ olùkọ́ ni àtúnṣe ti lè bẹ̀rẹ̀. Kí ó gbé jẹnẹrétọ̀ tó ti sùn wá sí kíláàsì. Kí ó pe mẹkáníìkì wá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fi ọ̀wọ̀ pè é ní ọ̀gá, nítorí pé ọ̀gá ni. Kí wọ́n tú u, kí wọ́n sọ orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ rẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá jí, ilé kan yóò rí iná lò. Bí kò bá tilẹ̀ jí, àwọn tó tú u á ti mọ ìdí rẹ̀, wọn á sì lè kọ́ ẹlòmíràn.