Ta Ni Yóò Sọ Pé "Ó Tó"?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí ilé wa sọ ní Cheverly

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ti ibi iṣẹ́ òru wá síbí láì tíì sùn, nítorí náà a ó lọ tààrà sórí ọ̀rọ̀.

Nínú agbo ilé àtijọ́, bí ìyá bá ń na ọmọ, ọmọ náà mọ ibi tí yóò sá sí: ẹ̀yìn ìyá àgbà. Ìyá àgbà yóò ní, "Ó tó, mo bá a bẹ̀ ọ́," pàṣán yóò sì balẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé wọn kì í na ọmọ nílẹ̀ Yorùbá rárá kò gbé ibẹ̀ rí. Wọ́n ń nà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sọ pé ó tó kì í jìnnà. Ẹ wá wo àwọn fúláàtì tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé lẹ́bàá Landover Road. Ilẹ̀kùn tì. Yàrá kan, ọmọ mẹ́ta, ìyá kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ méjì, owó ilé ti di gbèsè. Pàṣán wà níbẹ̀, ìyá àgbà kò sí níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi àṣà bojú. Ní Tógò láti 2007, ní orílẹ̀-èdè Benin tí Kétu wà láti 2015, òfin ti ka nína ọmọ léèwọ̀, nílé àti nílé ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Victoria Climbié. Wọ́n bí i ní 1991 ní Abobo, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní Abidjan. Ní 1998 àwọn òbí rẹ̀ fà á lé ìbátan bàbá rẹ̀ kan lọ́wọ́, pé kó lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ ní Yúróòpù. Ní London, obìnrin náà àti ọkùnrin tó ń bá gbé lù ú, wọ́n dè é mọ́lẹ̀ nínú bálùwẹ̀ tútù. Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2000, ọmọ ọdún 8. Ọgbẹ́ àti àpá 128 ni dókítà kà lára rẹ̀. Ìwádìí Lord Laming, tó jáde ní 2003, fi hàn pé ó kéré tán ìgbà 12 ni àwọn tó yẹ kó gbà á là jẹ́ kó bọ́. Èyí tó kàn wá jù ni pé wọ́n gbé ọmọ yìí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ kan rí i, ó ní ẹ̀mí àìmọ́ ló ń dà á láàmú.

Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n mú ọmọkùnrin ọmọ ọdún 6 kan wá bá wa pé olórí kunkun ni. Bí a ti ń wẹ orí rẹ̀, a rí ojú bẹ́líìtì lẹ́yìn rẹ̀. A da owó ẹyọ, a ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. A fi àkàrà àti ìrèké bọ ẹgbẹ́. A ò bi ìyá rẹ̀ ní nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, apá ọmọ náà kán. Ó yè, ṣùgbọ́n ojú ń tì wá títí di òní.

Nítorí náà, àpá lára ọmọ kò ní í kọ́kọ́ dé iwájú owó ẹyọ mọ́ nínú ilé yìí. Òfin Maryland gba òbí láyè láti bá ọmọ wí níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ìdí láti gbà pé wọ́n ń ṣe ọmọ léṣe kó fi tó ọ́fíìsì ètò ìrànwọ́ ará ìlú tàbí ọlọ́pàá létí. Àwa olùkọ́ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a sì kọ ọ́ ránṣẹ́ láàárín wákàtí 48. Ẹni tó fi òótọ́ inú sọ ọ́, òfin dáàbò bò ó.

Ẹ ń bẹ̀rù pé ìjọba yóò kó àwọn ọmọ wa lọ. A ò ní ẹ̀rù yẹn kò nídìí. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ pè wá kí ọwọ́ tó gbéra. Nígbà tí omijé ọmọ bá ń bí yín nínú, tí ẹ kò sì tíì sùn, ẹ gbé e wá, ìbáà jẹ́ òru. A ò ní í bi yín léèrè, a ò sì ní í gba kọ́bọ̀.

Ìwé kan wà lórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹni tó lè gba ọmọ ọlọ́mọ sùn lálẹ́ kan, kó kọ orúkọ rẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ẹni tó nílò rẹ̀, kó kọ tirẹ̀ sí apá òsì. Orúkọ tiwa ti wà lápá méjèèjì.