Ọpẹ́ ní Àsìkò Ìpọ́njú

Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni mo mú wá lónìí, pàápàá ọpẹ́ ẹni tí ayé ń ni lára. Ọpẹ́ ẹni tí ó yó kò ṣòro. Ṣùgbọ́n bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, tí iṣu kò ta, kí ni ènìyàn ń dúpẹ́ fún, ọ̀nà wo ni ó sì yẹ kí ó gbà sin Ẹlẹ́dàá rẹ̀?

Ìtàn Èjìgbò kan wà tí ó bá ìbéèrè yìí mu. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó di babaláwo, tí a sì ń pè ní Fátúmbí, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn òrìṣà, tí ó jáde ní Bàhíà ní ọdún 1981. Awoléjé, babaláwo, ni ó yan ẹbọ tí ọba Èjìgbò rú tí ìletò rẹ̀ fi di ìlú ńlá. Ẹbọ náà fín, Awoléjé sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ó padà dé, ìlú ti kún, ẹ̀ṣọ́ sì wà lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Ó béèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìnagijẹ tí ó jẹ mọ́ iyán tí ọba fẹ́ràn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ka èyí sí àfojúdi. Wọ́n lù ú bí ẹni lu bàrà, wọ́n sì tì í mọ́lé.

Ọdún méje ni òjò kò fi rọ̀. Obìnrin kò rí ọmọ bí, ẹṣin ọba kò rí koríko jẹ. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ní tèmi, n kò rò pé ìlú náà dẹ́kun ìsìn. Ta ni yóò rí irú ọ̀dá bẹ́ẹ̀ tí kò ní kúnlẹ̀? Síbẹ̀, nígbà tí ọba ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ Ifá, ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n tì mọ́lé ni Ifá sọ. Wọ́n tú Awoléjé sílẹ̀, kò tó. Inú igbó ni ó lọ fara pamọ́ sí, ọba sì ní láti lọ bẹ̀ ẹ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní lọ́dọọdún, kí àwọn ará ìlú máa fi pàṣán àtòrì na ara wọn. Òjò sì rọ̀.

Ìtàn yìí ni a fi ń ṣàlàyé bí àwọn ará Òkè Màpó àti ti Ìsàlẹ̀ Oṣolo ṣe ń kojú ara wọn nígbà ọdún Ògìyán. Àlejò lè rò pé ìjà ni. Lójú tèmi, ìjẹ́wọ́ ni: kí kálukú fi awọ ara rẹ̀ gba ẹgba tí a na olóore. A máa ń sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọ̀rọ̀ Èjìgbò tún burú ju ìyẹn lọ: wọ́n ti olóore mọ́lé nítorí pé wọn kò dá ohùn rẹ̀ mọ̀.

A kó àwọn ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní Bùràsíìlì, níbi tí oko ẹrú kò ti dópin títí di ọdún 1888. Bí ẹnìkan bá ní ìdí láti sọ pé òrìṣà ti kọ òun sílẹ̀, àwọn ni. Síbẹ̀ wọ́n pa ọdún yìí mọ́, wọ́n sì fi odó iyán sọ ọ́ lórúkọ. Níbẹ̀, àwọn olùjọsìn a rọra fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ na ara wọn. Lẹ́yìn ẹgba ni wọ́n tó ń pín iyán.