Ta Ló Máa Tẹ́ Irin Dé Àkúrẹ́?

Ẹ kú ìkàlẹ̀, tàbí kí n ní ẹ kú ìrìn, torí mo mọ̀ pé inú ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti máa ń gbọ́ wa. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà la fẹ́ sọ lónìí.

Tó o bá wà ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, tó o fẹ́ lọ sí Èkó, tó ò sì lówó bàálù, ojú títì nìkan ló kù: kó o gba Ọ̀rẹ̀, tàbí kó o gba Iléṣà àti Ìbàdàn. Epo wọ́n, owó ọkọ̀ lọ sókè. Wọ́n ní ajínigbé wà lọ́nà, ìyá ẹ ní kó o má lọ mọ́.

Àwọn kan ń sọ pé kí ìjọba dá rélùwéè padà. Ní tiwa, kí ni wọ́n fẹ́ dá padà? A ò ní i rí.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà wa ti lókìkí rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870, nígbà tí wàhálà dí ọ̀nà Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, ìjọba Glover ní Èkó ṣí ọ̀nà tó gba orí ọ̀sà dé Atíjẹ́rẹ́, tó gba Oǹdó lọ sókè. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin ní 1896, Abẹ́òkúta ni wọ́n gbà. Irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó kọjá Òṣogbo àti Ìlọrin, nígbà tó fi máa di 1912, ó ti dé Kánò. Àwa ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán.

Ará Òṣogbo ló lè sọ pé kí wọ́n dá a padà. Nígbà tí Aregbesola ń ṣe gómìnà, ìjọba Ọ̀ṣun máa ń ṣètò ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ láti Èkó wá sílé nígbà ọdún. Irin ti wà nílẹ̀ fún wọn. Nígbà Kérésìmesì 2023 tí ìjọba àpapọ̀ sọ ọkọ̀ ojú irin di ọ̀fẹ́, kí ló kan ará Oǹdó níbẹ̀?

Ohun tó yí padà rèé. Tẹ́lẹ̀, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin fún láṣẹ lórí rélùwéè. Ní oṣù Kẹta 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe òfin tó gba ìpínlẹ̀ láyè. Nítorí náà, "Àbújá ni kẹ́ ẹ bi" kì í ṣe ìdáhùn mọ́.

Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa. Irin Itakpe sí Warri bẹ̀rẹ̀ ní 1987, ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí i. Ti Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, bẹ̀rẹ̀ ní 2017, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹfà 2021. Owó tá a yá lọ́wọ́ China ló wà níbẹ̀. Gómìnà tó bá ní òun á gbé e dé láàárín ọdún mẹ́rin, ẹ rọra gbà á gbọ́.

Ìbéèrè mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bi wọ́n nígbà ìpolongo ìbò. Àkọ́kọ́: ìpínlẹ̀ wo lẹ ti bá sọ̀rọ̀? Irin ò lè parí sí ààlà Oǹdó. Ìkejì: ẹrù wo ló máa gbé? Owó èrò nìkan kì í sábà tó tọ́jú rélùwéè, ṣùgbọ́n kòkó wà lọ́wọ́ wa.

Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù, torí kò nílò irin kankan: kí ló dé tí kò sí bọ́ọ̀sì ìjọba láti Àkúrẹ́ tààrà dé Mọ́níyà, tí aago rẹ̀ bá ti ọkọ̀ ojú irin mu, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo? Ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn ni Mọ́níyà wà. Kó o tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Àkúrẹ́, kó o tún wọ òmíràn lọ síbẹ̀, kó o tún dúró de ọkọ̀ ojú irin, ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì Èkó tààrà ti ń sún mọ́ Bẹ́jà.

Tí bọ́ọ̀sì yẹn bá ń kún lójoojúmọ́, ẹ̀rí nìyẹn tá a lè gbé síwájú ẹni tó bá fẹ́ yá wa lówó irin. Tí wọn ò bá lè ṣe bọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi rélùwéè polongo ìbò fún yín.

Kí lẹ rò? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ wọlé láyọ̀ o.